Ìwé Tí Màmá Kà Lójú Ẹgbẹ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ o. Ṣé ara ti ń le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sinmi? Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mi ò sì tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, torí ẹ ti ní fóònù wà fún ìròyìn ikú àti fún àwọn tí kò lè kọ gbólóhùn kan kó tọ́.

Àpótí kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Súwẹ́tà wà níbẹ̀, ìpara orúnkún wà níbẹ̀, ìwé tí ẹ ní kí n bá yín wá náà sì wà níbẹ̀: *Ojúṣe Alábòójútó Ilé Ẹ̀kọ́*. Ó nípọn bíi bíríkì. Mo ti fi bébà búráùn bò ó bí ẹ ṣe kọ́ gbogbo wa nílé, láìkọ nǹkan kan sí i lára, torí ìwé kì í ṣe páálí ọṣẹ tí wọ́n ń kọ orúkọ sí lójú.

Ẹ ní ẹ fẹ́ kà nínú rẹ̀ níwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì kí wọ́n tó dìbò yan ààrẹ. Màmá, ẹ ti wọlé ná. Ta ló fẹ́ bá yín du ipò yẹn? Ṣé Alábẹ̀wò, tó fi ọgbọ̀n ọdún rìn káàkiri ilé ẹ̀kọ́, tó ń ka iye ṣọ́ọ̀kì?

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn wa ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń gbé ọgọ́rùn-ún aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí a bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó di ogójì ìṣẹ́jú kó tó ṣí. Ìwé ni mo máa ń fi ogójì ìṣẹ́jú yẹn kà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ yín lórí mi kò já sásán.

Ọmọ yín,
Dáwódù


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò kí yín dáadáa, n ó kí yín lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn. Ìwé tó wà nínú àpótí yẹn, ẹ má ṣí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọdorí. Ilé ìtẹ̀wé ti ń bẹ gbogbo ẹni tó rà á pé kó dá a padà. Ẹ tì í sábẹ́ ibùsùn, ẹ gbé nǹkan lé e lórí. Èyí tó dára ti wà lọ́nà.

Ẹ má tilẹ̀ yẹ inú rẹ̀ wò o, ó lè ba ojú jẹ́.

Dáwódù


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Dáwódù,

Lẹ́tà rẹ kejì dé lọ́jọ́ Ajé. Mo ti ka ìwé náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Níwájú ènìyàn márùndínlógójì.

N kò ní kí ọ títí n ó fi sọ tẹnu mi tán. Jókòó.

Àpótí dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rí ìwé nínú bébà búráùn rẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún bó ṣe yẹ kó gún. Orí mi wú. Mo ní ọmọ tí mo kọ́ nìyí. Mo gbé e sínú báàgì láìṣí i, torí mo fẹ́ kí èmi àti ẹgbẹ́ jọ fojú kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbéraga ni, mo gbà.

Nígbà tó kàn mí, mo kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo ní ìwé gidi ti ń kú lọ láàárín wa. Mo ní àwọn ènìyàn ìwòyí, ìwé ìfẹ́ jákujàku ni wọ́n ń gbé kiri. Alábẹ̀wò pàápàá ń mi orí. Mo wá mú ìwé jáde. Mo rí i pé o fi okùn kékeré kan sí ojú ìwé kan. Mo ní, "Ọmọ mi tó wà lókè òkun ti bá wa sàmì síbi tó ṣe pàtàkì jù." Mo gbóhùn sókè, mo kà:

"Atukọ̀ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó ti tutù, ó sá a sórí okùn, oòrùn sì bọ́ sí i léjìká. Aránṣọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú kò gbọ́ tirẹ̀, ó padà síbẹ̀."

Mo rò pé àpẹẹrẹ ni. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìmúra àwọn olùkọ́. Mo ń kà lọ. Ìgbà tí mo dé ibi tí aránṣọ ti mú téèpù rẹ̀, tó ní kí atukọ̀ na apá kí òun lè wọn àyà rẹ̀ fún ẹ̀wù tuntun, tí kò sì rántí ka nọ́ńbà orí téèpù mọ́, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ la wà. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì, n kò ní jà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnikẹ́ni kò dá mi dúró. Gbogbo wọn ló ti tọ́mọ, gbogbo wọn ló ti na ọmọ ọlọ́mọ. Tíṣà Ìránṣọ, obìnrin tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní abẹ́rẹ́ òun òwú, tilẹ̀ sún àga rẹ̀ síwájú.

Ìgbà tí mo pa ìwé dé ni Alábẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé inú ń bí òun. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé etí tiwa ló gbọ́ èyí?" Ó ní kí wọ́n sún ìdìbò sí Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí n wá ṣàlàyé ìwé yìí lọ́jọ́ náà, torí ẹni tó bá ń ka irú rẹ̀ kò lè ṣe ààrẹ àwọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ mi síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn délé, orúnkún kò sì dùn mí, ìbínú ti gba iwájú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Dáwódù. Orúkọ rere nìkan ni mo kó kúrò níbẹ̀. Níbo lo ti rí ìwé yìí? Dá mi lóhùn kíá, má sì tẹ̀ mí láago.

O kú iṣẹ́.

Màmá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú orí ire pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé yẹn kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá wa obìnrin níbi ìfọṣọ ni. Ó rí bí mo ṣe ń bo ìwé mi, ó ní kí n bá òun bo tòun náà, mo bá a bò ó lójú àánú. Ọjọ́ tí mo ń di àpótí yín, méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n jọra bí ìbejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Tí kì í bá ṣe pé ilé wa ló ń bo ìwé bí ẹni ń bo ọgbẹ́, ta ló máa ṣi ìwé méjì yẹn mú?

Èmi, Màmá? Géńdé bíi tèmi, tó ń gbé àpò aṣọ tútù lé èjìká látàárọ̀? Kí ni mo fẹ́ fi aránṣọ àti atukọ̀ ṣe? Mo máa ń fi ọ̀gá wa ṣẹ̀sín ni tí mo bá rí i tó ń kà á. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ pé obìnrin àjèjì kan ló ni ín, kí ọ̀rọ̀ tán.

*Ojúṣe Alábòójútó* gan-an ti wà lọ́nà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Mo jí lórí òkìtì aṣọ ibùsùn nígbà tí ẹ̀rọ parí.

Ọmọ yín,
Dáwódù

Mo gbàgbé: tí ẹ bá fẹ́ dá ìwé yẹn padà, ẹ jọ̀ọ́, kí okùn yẹn má yọ kúrò níbi tó wà. Ọ̀gá mi ní ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí òun ń kà á, ibẹ̀ ni òun sì fẹ́ràn jù.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Dáwódù,

Mo kí ọ. Mo kí ọ̀gá rẹ náà. Bá mi sọ fún un pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ jọ tìrẹ.

Lójú ìwé kejìdínlógójì, ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí pé, "Arábìnrin, sá!" Lójú ìwé ọgọ́ta: "Irọ́ ló ń pa, ẹ wo ojú ẹ̀." Lójú ìwé àádọ́fà: "Mo mọ̀! Mo ti sọ!" Èmi ni mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ mú tí a fi kọ A àkọ́kọ́. O rò pé n kò ní mọ̀ ọ́n? Ojú ìwé tó kẹ́yìn tilẹ̀ ti wú, omi ti kán sí i. Kì í sì ṣe omi ẹ̀rọ.

Má bi mí bí mo ṣe dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ̀sùn kàn án. Ẹ̀rí ni mo ń wá. Mo wá a lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ibi tí o bá mi dé. Mo ti lọ sọ fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé obìnrin àjèjì kan ló ni ìwé. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. O sọ mí di òpùrọ́ lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Àlejò kò sì jẹ́ kí n sinmi. Tíṣà Ìránṣọ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní a kì í wọn àyà ọkùnrin báyẹn, òun fẹ́ yẹ ibẹ̀ wò dáadáa. Ọjọ́ méjì ló fi yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ sì pọ́n nígbà tó dá a padà. Tíṣà Eré-Ìdárayá tẹ̀ lé e, ó ní ìyàwó òun ló rán òun. Ìyàwó tó wà ní ìlú àwọn òbí rẹ̀ láti oṣù tó kọjá!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ kọ́ kọ́ kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ta ni mo rí? Alábẹ̀wò. Ó ti fa fìlà bo ojú. Ó ní òun wá yẹ ẹ̀rí wò kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Ó gbé ìwé lọ, ó di ọjọ́ kẹrin kó tó gbé e padà wá. Ó ní, "Ìwà ìbàjẹ́ gbáà ni." Mo ní mo ti gbọ́. Kò lọ. Ó ń fi bàtà ha ilẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, atukọ̀ yẹn tó wa ọkọ̀ lọ láìdágbére, ṣé ẹ rò pé ó máa padà wá bá a?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní aránṣọ yẹn kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ṣe báyẹn fún. Ìgbà tó rí i pé mo ń wo òun, ó wú ikọ́, ó ní a ó pàdé níwájú ìgbìmọ̀. Alágàbàgebè!

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́. Sọ pé ìwọ lo ni ìwé náà, ìwọ lo kà á, ìwọ lo purọ́, màmá rẹ kò sì mọ nǹkan kan nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Fọwọ́ sí i. Ìyẹn nìkan ló lè gbà mí. Títí tí n ó fi rí lẹ́tà yẹn, má retí tèmi.

Ìbéèrè kan, fún ẹ̀rí ni o: ṣé ìwé náà ní apá kejì?

Màmá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Màmá mi,

Mo jẹ̀bi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún yí gbiiri. Èmi ni mo ni ín. Mẹ́rìndínlógún ló wà lábẹ́ ibùsùn mi, gbogbo wọn ló wọ bébà búráùn. Apá kejì wà, apá kẹta náà wà.

Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ má sọ pé kí n kọ lẹ́tà yẹn. Ìdajì ẹgbẹ́ yín ló kọ́ mi. Tíṣà Eré-Ìdárayá ló fi mí ṣe olórí àwọn tó ń ja ìjàkadì. Ṣé èmi ni kí n wá kọ̀wé sí i pé mo sunkún nítorí aránṣọ? Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi darúgbó. Tí mo bá wá sílé, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹta tí mo dé ibí, mo rí ìwé kan nínú àpò aṣọ aláìsàn tí wọ́n kó wá fún fífọ̀. Aláìsàn náà ti lọ sílé, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Mo jókòó sórí àpò aṣọ, mo ṣí i. Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò ní ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo lè lo ọjọ́ méjì láìsọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mi ò sọ fún yín torí mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ìráhùn. Àwọn ènìyàn inú ìwé yẹn ló ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn ní etí ìwé.

Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.

Dáwódù


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ ò fèsì. Mo tẹ̀ yín láago lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ wà láàyè, torí òkú kì í gé fóònù.

Mi ò lè jẹun dáadáa mọ́. Lánàá, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ aṣọ ibùsùn kan títí ó fi jóná, ọ̀gá wa ní kí n lọ jókòó. Ó bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irọ́ tí mo pa mọ́ ọn. Ó wò mí. Ó ní, "Nítorí pé o kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín, o jẹ́ kí wọ́n máa fi ìyá ẹ rẹ́rìn-ín?" Màmá, ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Ìtìjú tèmi nìkan ni mo ti ń rò látọjọ́ yìí.

Lẹ́tà ẹgbẹ́ nìyí. Kí ó tètè dé ni mo ń gbàdúrà.

*Sí Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin bàbá àti màmá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni mo ni ìwé tí Màmá mi kà níwájú yín. Èmi ni mo fi bébà bò ó, èmi ni mo ṣì í mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á, mo sì sunkún lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo purọ́ fún Màmá mi pé obìnrin kan ló ni ín. Màmá mi kò mọ nǹkan kan nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tíṣà Eré-Ìdárayá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣì lè dá ènìyàn méjì délẹ̀. Ẹ má fi ìyà mi jẹ ìyá mi.*

Mo ti fọwọ́ sí i. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín,
Dáwódù


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Dáwódù, ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa. Mo kí ọ̀gá rẹ, tọkàntọkàn lọ́tẹ̀ yìí. Orí obìnrin yẹn pé.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ìdìbò kú ọ̀la. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Mo tún padà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, èyí tí o ti ní o dá wà. Ìráhùn ni n kò fẹ́, Dáwódù. N kò sọ rí pé n kò fẹ́ gbọ́ bí o ṣe wà. Ọmọ mi ń gbé láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, èmi ń bá a jà lórí ipò ààrẹ! Mo sunkún. Mo ti sọ ọ́, má bi mí mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún. Alábẹ̀wò wọ kóòtù. Ó ní kí n dìde wá ṣàlàyé. Mo mú lẹ́tà rẹ jáde, mo wọ awò ojú. Gbogbo ohun tí o kọ ló jẹ́ òótọ́, àfi gbólóhùn kan péré, èyí tí èmi fúnra mi ní kí o kọ: pé màmá rẹ kò mọ nǹkan kan nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ká lẹ́tà náà, mo dá a padà sínú báàgì.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará, gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo sọ fún yín pé mo dáná sun wọ́n. N kò sun ẹyọ kan."

Ìwọ náà kò mọ èyí, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn. Bàbá rẹ àti èmi la kà wọ́n. Lọ́sàn-án Àìkú, tí a bá ti ilẹ̀kùn yàrá, tí a ní kí ẹ má ṣe ariwo nítorí a ń máàkì ìwé ìdánwò, ìwé ìfẹ́ la ń kà. Èmi ń ka ti obìnrin, bàbá rẹ ń ka ti ọkùnrin, ó ń fi ohùn tíṣà ìṣirò pe "olólùfẹ́ mi" bí ẹni ń pe iye. A ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí ẹ má baà gbọ́ ẹ̀rín wa. Láti ọdún mẹ́rin tó ti kú, n kò ṣí ọ̀kan. Ta ni mo fẹ́ kà á fún? Ìgbà tí mo ṣèèṣì ka tìrẹ ní gbọ̀ngàn yẹn, ojú tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara mi ti mọ ohun tí mo ń kà kí orí mi tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Mo sọ pé ìtìjú tí ọmọ mi ní, èmi ni mo kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo ọmọ tí mo nà nítorí ìwé ìfẹ́, mo sì tọrọ àforíjì. Mo jókòó.

Wọ́n dìbò. Alábẹ̀wò ní mọ́kàndínlógún, mo ní mẹ́tàdínlógún. Ó wọlé, mo pàdánù. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo gbé báàgì mi, mo mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Má bi mí bóyá ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an.

N kò tíì dé ìsàlẹ̀ òpópónà tí mo fi gbọ́ gìrì gìrì lẹ́yìn. Mo yíjú. Tíṣà Ìránṣọ ni, ó gbé àga gbọ̀ngàn lé orí. Tíṣà Eré-Ìdárayá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé méjì. Ènìyàn mọ́kànlá ni mo kà, gbogbo wọn pẹ̀lú àga. Mo ní kí ló dé. Tíṣà Ìránṣọ ní, "Ọ̀gá, ẹ kò kà á délẹ̀ fún wa lọ́jọ́ yẹn." Ẹni tó kẹ́yìn pátápátá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni ààrẹ wa tuntun. Ó ní òun tẹ̀ lé wọn kí àga ẹgbẹ́ má baà sọnù.

Wọ́n kún pálọ̀ mi fọ́fọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Mo ka aránṣọ, ó dùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ibi tí atukọ̀ ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo dúró. Apá bàbá rẹ ni. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Kálukú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Alábẹ̀wò dìde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó na ọwọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi."

Kò mọ̀ ọ́n kà rárá, Dáwódù. Ó ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn bí ẹni ń ka àbọ̀ ìbẹ̀wò, ó ń dúró síbi tí kò yẹ, ó tilẹ̀ tún gbólóhùn kan ṣe. Bàbá rẹ ì bá ti rẹ́rìn-ín ṣubú lórí ibùsùn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo rín tèmi, mo sì rín ti bàbá rẹ mọ́ ọn.

Màmá rẹ